Ẹ Fi Ìyá Rẹ̀ Hàn Wá: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Sísin Ọmọ Cocker Spaniel Nínú Ilé

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí n wá ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè sin ọmọ ajá nínú ilé kó má sì ṣe é níṣekúṣe. Mo béèrè pé irú ajá wo. Ó ní irú tó wà nílé mi, cocker spaniel, nítorí àwọn ọmọ ti ń yọ àwọn òbí wọn lẹ́nu pé àwọn fẹ́ ẹ. Ohun tí mo gbé wá kò ju ìbéèrè kan lọ: ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Gbogbo wa la gbọ́ àlọ́ ìgbà ìyàn yẹn. Àwọn ẹranko pàdé pọ̀, wọ́n ní kí kálukú mú ìyá rẹ̀ wá kí àwọn pa á jẹ. Ajá nìkan ló gbé ìyá tirẹ̀ lọ pamọ́ sí ọ̀run, tó ń fi okùn gòkè lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ títí Ìjàpá fi tú àṣírí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọgbọ́n Ìjàpá ló máa ń dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ̀bí ajá, ọ̀rọ̀ Ajá ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ìfẹ́ ló mú un gbé ìyá rẹ̀ pamọ́. Àwọn kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí tí àwọn náà ń gbé ìyá ajá pamọ́, torí wọ́n mọ̀ pé bí ẹ bá fi ojú kàn án, ẹ kò ní ra ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 2014, èmi àti ọkọ mi lọ ra ajá wa àkọ́kọ́. Ẹni tó tà á fún wa ní ilé òun jìnnà, pé kí a má wulẹ̀ dààmú, kí a pàdé òun níbi ìgbọ́kọ̀sí kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Inú páálí nínú bùùtù ọkọ̀ ló ti gbé e jáde. Mo béèrè ìyá rẹ̀. Ó ní ó wà nílé, ara rẹ̀ ò yá. Ojú ọmọ ajá náà ti wọ̀ mí lọ́kàn, mo gbà, mo sanwó. A sọ ọ́ ní Sùúrù. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Dókítà ẹranko gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó lè wo ohun kejì tó ń ṣe é. Ẹ̀rù ń bà á. Ìgbálẹ̀ ń bà á lẹ́rù, aago ẹnu ọ̀nà ń bà á lẹ́rù, ọkùnrin tó bá dé fìlà ń bà á lẹ́rù. Abẹ́ àga ló sọ di ilé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi kejì tẹ̀ba láti mú pẹ́ńsùlù tó já bọ́ sábẹ́ àga yẹn, Sùúrù bù ú jẹ lápá. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀. A tọ́jú ajá yẹn títí tó fi kú ní 2023, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ojú ikú. Àmọ́ n kò rántí ọjọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tán nínú ilé wa, mo sì ti wá mọ̀ pé wọ́n ti bà á jẹ́ kí a tó rí i. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí.

Òfin tí wọ́n fi ń lé irú ọkùnrin ìgbọ́kọ̀sí yẹn lónìí ń jẹ́ orúkọ ajá kan, Lucy. Lucy kì í ṣe cocker, Cavalier King Charles Spaniel ni, ìdílé spaniel kan náà. Ní 2013 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò ní oko kan ní Wales níbi tí wọ́n ti sọ abo ajá di ẹ̀rọ ìbímọ. Wọ́n ti jẹ́ kó bímọ léraléra nínú àgò tí kò ti lè na ara, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi wọ́ tí ìbàdí rẹ̀ sì gan. Ó kú ní 2016. Dókítà ẹranko kan, Marc Abraham, pẹ̀lú àwọn tó dúró tì í, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri títí tó fi di òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020. Láti ọjọ́ náà, alágbàtà kankan kò gbọdọ̀ ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó sìn ín gan-an lo ó ti rà á, tàbí kí o lọ gba èyí tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú. Níbi tí wọ́n bí i sí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi í hàn ọ́, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Òfin kan ti wà ṣáájú ìyẹn, ti 2018, tó ní ẹni tí àwọn ajá rẹ̀ bá bímọ ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù méjìlá, tó sì ń tà wọ́n, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ ọ́ di òwò, kódà bí kò tó mẹ́ta, òun náà nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ajá yìí fúnra rẹ̀. Ajá ọdẹ ni. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara ẹyẹ woodcock tó máa ń sá pamọ́ sínú igbó ṣúúrú; cocker á wọ inú igbó náà, á dà á jáde fún oníbọn. Àwọn bàbá wa tó dẹ ọdẹ á mọyì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kì í ju kílò 13 sí 14 àbọ̀. Kò sí irú ajá tó tíì gba ipò kìíní ní ìdíje ajá tí wọ́n ń pè ní Crufts tó o: ẹ̀ẹ̀meje, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọkùnrin kan ṣoṣo, H. S. Lloyd, láàárín 1930 sí 1950. Ṣùgbọ́n ẹwà orí ìtàgé ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ irú ajá. Bí gbogbo ènìyàn bá ń sáré gbé abo wọn lọ bá akọ kan náà tó gbégbá orókè, láìpẹ́ gbogbo ọmọ á di ìbátan, àìsàn tó sápamọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé á sì rí ọ̀nà yọjú.

Níbí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí kò sí ìran tó yẹ kó tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí tó àwa. Ta ló wà nínú yàrá yìí tí kò mọ AA, AS àti SS ti àrùn sickle cell? A ti rí ìdílé tó sọkún. A ti rí ọkọ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà tí ìwé àyẹ̀wò tú ká. A mọ̀ pé ẹni tó jẹ́ AS kò ṣàìsàn, pé ara rẹ̀ le koko, pé bí AS bá fẹ́ AS ni ewu wà, ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà oyún kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àìsàn cocker tó burú jù ṣe ń rìn. Èyí tí wọ́n ń pè ní FN máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ ajá náà á dàgbà, á máa sáré, á máa ṣeré, àwọn ọmọ ilé á ti fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba, nígbà tó bá wá di ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, kíndìnrín á dẹ́kun iṣẹ́, kò sì sí ìwòsàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní prcd-PRA máa ń jẹ ẹyin ojú láti inú. Ajá náà kò ní kọ́kọ́ ríran lálẹ́, nígbà tó bá yá, kò ní ríran lọ́sàn-án mọ́. AMS ló ń bà mí nínú jẹ́ jù: ọmọ ajá kì í mọ ìrora ní ẹsẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín ara rẹ̀ jẹ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àyẹ̀wò DNA wà fún gbogbo wọn. Wọ́n á kàn fi òwú ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá náà ni, wọ́n á fi ránṣẹ́, èsì á dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí abo rẹ̀ bá gbé àìsàn náà láìṣàìsàn, tí a lè pè ní AS tiwọn, kò nílò láti sọ̀rètí nù. Kó wá akọ tó mọ́ fún un, kò sí ọmọ kan tí àìsàn náà á mú. Nítorí náà, bí ọmọ ajá bá ṣàìsàn FN lónìí, ẹnìkan ló kọ̀ láti náwó àyẹ̀wò. Àwa tí a ń fi ìwé ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kí a tó gbéyàwó, ẹ má jẹ́ kí a gba ohun tó kéré sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ajá.

Yàtọ̀ sí ti DNA, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ojú dókítà nìkan ló lè rí wọn: wọ́n á ya fọ́tò egungun ìbàdí, wọ́n á sì yẹ ojú wò, títí kan igun ojú tó ń fa glaucoma. Kennel Club, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1873, ń gbé èsì àwọn ajá tó forúkọ sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè orúkọ bàbá àti ìyá, ẹ fojú ara yín kà á.

Ìwé àyẹ̀wò nìkan ò tó. Ìwà ìyá ńkọ́? Abo ajá tó ń gbọ̀n nígbà tí àlejò bá dé, kódà bí ìwé rẹ̀ bá funfun báláú, kò yẹ kó bímọ. Apá kan nínú ìbẹ̀rù a máa wá láti inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ á sì tún fi ojú ara wọn rí i lára rẹ̀. Èyí tí mo yàn, Dúdúyẹmí, dúdú bí aró ni, ó sì jẹ́ ẹni tó máa ń lọ jókòó ti àlejò tí inú rẹ̀ bà jẹ́. Mo dúró kó pé ọdún méjì ààbọ̀. Òfin ìwé àṣẹ ní akọ kò gbọdọ̀ gun abo kí ó tó pé ọdún kan, Kennel Club kò sì ní forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún abo tó bá ti bí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Lójú tèmi, mẹ́rin ti pọ̀ jù. Dúdúyẹmí bí ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti parí.

Oyún ajá jẹ́ bí ọjọ́ 63, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Mo to àpótí ìbímọ sí igun kíṣìnnì, mo kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí inú rẹ̀ ká kí ìyá má baà fi ẹ̀yìn tẹ ọmọ mọ́ ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń wọn ooru ara rẹ̀. Nígbà tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ 37, mo mọ̀ pé kò ní ju wákàtí 24 lọ. Ó ń fi ọwọ́ walẹ̀ nínú aṣọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń wò mí. Èyí àkọ́kọ́ wá ní aago méjì òru. Dúdúyẹmí fi eyín ya awọ tó bò ó, ó lá a títí ó fi ké. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun: gíráàmù 260. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo so òwú aláwọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn kí n lè dá a mọ̀. Mẹ́fà ló bí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀kẹfà kéré jù, kò tó 180, ó sì tutù. Ohun tí ìbẹ̀rù máa ń mú ènìyàn ṣe ni pé kó sáré rọ wàrà sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe é. Inú ọmọ ajá tó tutù kò lè da wàrà. Ẹ kọ́kọ́ mú un móoru, díẹ̀díẹ̀, kí ó tó jẹ ohunkóhun. Mo fi í sí àyà mi, lábẹ́ aṣọ, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọkọ mi sì lọ rọ omi gbígbóná sínú ìgò. Ó gbé ọjọ́ méjì. Mo sọ èyí kí ẹ̀yin tó fẹ́ dán an wò lè mọ̀ pé ọmọ máa ń kú, kódà nílé ẹni tó ń sapá, àti pé ẹ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà dókítà ẹranko tó ń gbé fóònù lóru. Àwọn márùn-ún tó kù ń sanra. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ̀n wọ́n, nítorí ọmọ tí kò sanra lónìí ti ń sọ ohun kan fún ọ kí ó tó ké. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọn kò ríran, wọn kò gbọ́ràn, wọn kò lè mú ara wọn móoru, kódà wọn kò lè tọ̀ bí ìyá wọn kò bá lá wọn nísàlẹ̀. Ìyá ni ohun gbogbo.

Nígbà tí ojú là tán, tí etí ṣí, ni iṣẹ́ tó kàn mí gan-an bẹ̀rẹ̀. Ní 1961, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Freedman, King àti Elliot, gbé èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ọmọ cocker spaniel àti ọmọ beagle ni wọ́n sì lò. Wọ́n tọ́ wọn nínú pápá tí wọ́n fi ògiri igi gíga yí ká, tí wọn kò fi rí ènìyàn rárá. Wọ́n wá ń mú àwọn kan wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan péré láti bá ènìyàn ṣeré: àwọn kan nígbà tí wọ́n pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn mìíràn ní mẹ́ta, márùn-ún, méje, mẹ́sàn-án. Àwọn kan wà tí wọn kò mú wọlé títí ọ̀sẹ̀ 14. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò bẹ̀rù, ó rìn wá bá ènìyàn lọ́jọ́ kìíní. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni ìfura ń pọ̀ sí i. Àwọn tó dé ọ̀sẹ̀ 14 láìfojú kan ènìyàn dà bí ẹranko ìgbẹ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà mọ́. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo rántí Sùúrù lábẹ́ àga. Ilẹ̀kùn kan wà tó ń ṣí ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tó sì ń tì ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni olùrà ń gbé ọmọ lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nǹkan bí ìdajì àkókò yẹn ló jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó sìn ín ló wà.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí kíṣìnnì fi sàn ju ahéré ẹ̀yìn ilé lọ fíìfíì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ajá náà kò yàtọ̀. Àwọn ọmọ wa márùn-ún sùn nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí. Wọ́n gbọ́ bùlẹ́ńdà tó ń lọ ata. Mo gúnyán lọ́jọ́ Sunday, odó ń ró gbì gbì. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n sá lọ bá ìyá wọn, ìyá wọn kò tilẹ̀ gbé orí sókè, àwọn náà sì padà wá jókòó. Dúdúyẹmí ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yẹn, èmi kọ́. A ní kí àlejò wá: ẹni tó ní irùngbọ̀n, ẹni tó fi ọ̀pá rìn, ìyá àgbà tí gèlè rẹ̀ ń dún ṣàkàṣàkà, àwọn ọmọdé tí mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀ kí wọ́n má gbé ajá dúró. Ẹ má fipá gbé ọmọ ajá lọ bá ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ fi ohun náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Lójoojúmọ́, mo ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá mìíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí dídá wà má baà jẹ́ ohun àjèjì fún un. Mo gbé wọn jáde ní apá, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀ níta torí abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn kò tíì pé, kí wọ́n rí bọ́ọ̀sì, kí wọ́n gbọ́ ọmọ tó ń ké.

Ohun méjì wà tó jẹ́ ti cocker ní pàtàkì. Etí rẹ̀ gùn, ó wúwo, ó bo ihò etí, ooru àti ọ̀rinrin a máa há síbẹ̀, etí dídùn kì í sì pẹ́ dé. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ti ń gbé etí sókè, tí mo ń wo inú, tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì rọra gba irun, kí dókítà má baà bá ajá tó fẹ́ bu òun jẹ pàdé lọ́la. Èkejì ni oúnjẹ. Ó lè fẹ́ máa ṣọ́ abọ́ rẹ̀. Gbígba abọ́ láti fi hàn án pé ìwọ lọ̀gá, bí àwọn kan ṣe ń ṣe, ló ń sọ ọ́ di oníjà. Nígbà tí ọmọ ajá bá ń jẹun, mo máa ń kọjá, mo sì ń ju ẹran díẹ̀ sínú abọ́ náà. Kò pẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn lẹ́bàá abọ́ fi di ìròyìn ayọ̀.

Ẹnìkan á béèrè owó. Bí ẹ bá ṣírò àyẹ̀wò, owó akọ, dókítà, oúnjẹ, oògùn aràn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti oṣù méjì tí mi ò fi lọ síbi iṣẹ́ dáadáa, ẹ ó rí i pé kì í ṣe òwò. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, gbèsè ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèrò láti fi cocker ránṣẹ́ sí Èkó, mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Irun yẹn nínú ooru yẹn, etí yẹn, àti eégbọn. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó máa tọ́jú irun rẹ̀ lójoojúmọ́ níbẹ̀, ajá ilé tiwa tó ti mọ ooru ló sàn jù.

Àwọn tó wá ra ọmọ lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Ta ló máa mú un rìn bí òjò bá ń rọ̀? Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí gbogbo ènìyàn jókòó sílé, tí owó ọmọ ajá sì fò sókè, mo sọ fún ìdílé mẹ́rin pé rárá. Inú bí ọ̀kan nínú wọn gan-an. Ẹni tí mo bá gbà, ó gbọ́dọ̀ wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì, kí Dúdúyẹmí yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti fi ṣíìpù sí wọn lára kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí òfin ṣe wí, orúkọ mi ló sì kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀. A jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ìlà tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ sì ni pé, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i, ọ̀dọ̀ mi ni ajá náà ń padà sí. Ọ̀kan ti padà wá, nígbà tí olówó rẹ̀ ṣàìsàn. Àyè rẹ̀ ṣì wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí wọ́n lọ, mo máa ń gé aṣọ kékeré márùn-ún, mo máa ń tẹ́ wọn sábẹ́ ìyá wọn kó sùn lé wọn lórí. N kì í fọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí olùrà bá dé, lẹ́yìn ìwé, lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀ tí mo di fún un, aṣọ yẹn ni mo máa ń fi sí i lọ́wọ́ kẹ́yìn. Mo máa ń sọ fún un pé kó tẹ́ ẹ síbi tí ọmọ náà á sùn, kó má ṣe fọ̀ ọ́ títí òórùn ìyá rẹ̀ á fi tán lára rẹ̀ fúnra rẹ̀.